Fadà Francis Aupiais: Olùkọ́ Tí Ó Mú Kí Àwọn Ọmọ Wa Kọ Ìtàn Ara Wọn

Ní àkókò júbílì yìí tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn tí ó gbin ìgbàgbọ́ sí àárín wa, ó yẹ kí a rántí àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. A máa ń dárúkọ ẹni tí ó kọ́ ilé ìjọsìn àti ẹni tí ó kọ́kọ́ gba ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró níwájú pátákó, tí ń fi ẹfun kọ ọdún àti orúkọ fún àwọn ọmọ, a kì í sábà rántí rẹ̀. Nítorí náà ni a fi fẹ́ sọ ìtàn Fadà Francis Aupiais, ẹni tí a fi orúkọ wọn sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Kátólíìkì kan ní Kútọnu.

A bí wọn ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1877 ní Saint-Père-en-Retz, lẹ́bàá Nantes ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì fún Áfíríkà, tí Bíṣọ́ọ̀bù Marion de Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, wọ́n sì gba oyè àlùfáà ní 1902. Ní 1903 wọ́n gúnlẹ̀ sí Dàhòmì, bí a ti ń pe ilẹ̀ Benin nígbà náà. Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni iṣẹ́ wọn fìdí kalẹ̀ sí. Wọ́n di olórí ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù níbẹ̀, wọ́n sì lo nǹkan bí ogún ọdún ní ìlú náà kí wọ́n tó padà sílé ní 1926.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀kọ́ ti rí ní ìgbà náà. Èdè Faransé ni ìjọba fi dandan lé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ìtàn inú ìwé jẹ́ ìtàn àwọn ọba Faransé. Odò tí ọmọ ń kọ́ orúkọ rẹ̀ sórí jẹ́ odò tí kò lè fi ẹsẹ̀ kàn láéláé. Ọmọ lè ka orúkọ àwọn ọba òkèèrè láìkọsẹ̀, kí ó má sì mọ ẹni tí ó tẹ ìlú baba rẹ̀ dó. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ọmọ tijú ilé tí ó ti wá. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ló sì gbà pé ènìyàn dúdú kò ní ìtàn rárá.

Fadà Aupiais kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìwé mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀, àti pé ọkàn àwọn àgbà ni ó wà. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ní 1925, wọ́n dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní La Reconnaissance africaine. Ọ̀rọ̀ Faransé yìí ní ìtumọ̀ méjì: kí a mọ ènìyàn fún ohun tí ó jẹ́ ní tòótọ́, àti kí a mọ oore. Wọn kò dá ìwé náà kọ. Wọ́n fi kálámù lé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa lọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni Paul Hazoumé, olùkọ́, ọmọ Àjàṣẹ́ tí a bí ní 1890, ẹni tí ó kọ ìwé Doguicimi tí ó jáde ní 1938. Òmíràn ni Thomas Mouléro, ọmọ Kétu, tí ń múra àtidi àlùfáà. Ó kọ ìtàn ìlú Kétu sínú ìwé ìròyìn náà ní 1926. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ará Kétu mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní 1886 ni ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, fọ́ Kétu, tí a sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey. Ogójì ọdún péré lẹ́yìn náà, ọmọ ìlú tí a fọ́ ń kọ ìtàn ìlú rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1928, Mouléro di àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dàhòmì tí ó gba oyè àlùfáà.

Ọ̀nà yìí kò rọrùn fún Fadà Aupiais. Ní 1928, ẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣe olórí ẹ̀ka Lyon. Wọ́n padà wá sí Dàhòmì ní ìparí 1929 pẹ̀lú ayàwòrán kan, Frédéric Gadmer, tí Albert Kahn rán, wọ́n sì ya fíìmù méjì: ọ̀kan lórí iṣẹ́ míṣọ́ọ̀nù, èkejì lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Èyí èkejì bí àwọn kan nínú àwọn aṣáájú wọn nínú. Wọ́n rò pé àlùfáà kò gbọdọ̀ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ han aráyé, a sì dí wọn lọ́wọ́ láti máa fi í hàn. Wọ́n faradà á, wọn kò sì kúrò nínú iṣẹ́ Ọlọ́run.

A kò ní sọ pé wọn kò ní àbùkù. Ọmọ ìgbà wọn ni wọ́n. Wọn kò lòdì sí ìjọba Faransé lórí wa, wọ́n rò pé a lè tún un ṣe ni. Ní 1945, a dìbò yàn wọ́n láti ṣojú Dàhòmì àti Tógò ní ilé ìgbìmọ̀ ní Párís, ní àkókò kan náà tí a yan Sourou-Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò jìnnà. Wọ́n kú ní Párís ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún náà, ní ẹni ọdún 68.

Ẹ̀yin òbí, a máa ń gbọ́ tí ẹ ń sọ fún àwọn ọmọ yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé ẹ̀kọ́ ìtàn àti ẹ̀kọ́ èdè kì í bọ́ ènìyàn. Òótọ́ ni pé ìṣirò ń fúnni níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ ibi tí ó ti wá, ẹnikẹ́ni lè sọ fún un pé kò ti ibì kankan wá, yóò sì gbà á gbọ́. Lọ́dún kọ̀ọ̀kan ni a ń sin àwọn àgbà ìjọ wa, ohun tí a kò bi wọ́n sì ń bá wọn wọ ilẹ̀. Kí júbílì yìí tó parí, kí ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan mú ìwé kíkọ àti kálámù, kí ó lọ jókòó ti bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kan, kí ó bi í ní ìtàn, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí Olúwa fún Fadà Aupiais àti gbogbo olùkọ́ wa tí ó ti sùn ní ìsinmi ayérayé, kí ó sì gbé olùkọ́ dìde láàrin àwọn ọmọ wa. Àmín.