Charles Bradley: Dókítà tó kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ tí kì í farabalẹ̀ lóògùn

Kò sí ìyá ọlọ́jà kan ní Agbalépédogan níbí, nílùú Lomé, tí kò mọ irú ọmọ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ìdí rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ tó wọn gààrí fún oníbàárà kan tán, ó ti gun orí àpótí, ó ti sáré dé etí títì tí àwọn ọlọ́kadà ń gbà kọjá. Wọ́n bá a wí, kò gbọ́. Wọ́n nà án, kò gbọ́. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é, àwọn mìíràn á ní ìyá rẹ̀ ni kò kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà lẹnì kan á wá sọ pé oògùn kan wà lókè òkun tó ń mú ọmọ jókòó jẹ́ẹ́.

Oògùn náà wà lóòótọ́. ADHD ni àwọn dókítà ń pe àìsàn àìlèfọkànsí àti àìlèfarabalẹ̀ náà, TDAH sì ni àwọn tó ń sọ Faransé nílùú wa ń pè é. Ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kí ọmọ tí kò tíì tó wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún? Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi wo ọmọdé. Charles Bradley lorúkọ rẹ̀, ó sì ti kú láti ọdún 1979.

Ọdún 1902 ni wọ́n bí Bradley nílùú Pittsburgh, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó kọ́ṣẹ́ dókítà ní Harvard, ìtọ́jú ọmọdé ló sì yàn láàyò. Ìbànújẹ́ kan wà nínú ẹbí wọn. George Bradley, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbà ẹbí náà, bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Emma. Nígbà tí Emma pé ọmọ ọdún 7, àìsàn wọ inú ọpọlọ rẹ̀, kò sì bọ̀ sípò mọ́. Bàbá rẹ̀, tó ti rówó nídìí òwò tẹlifóònù, wá ibi tí wọ́n ti lè tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ títí, kò rí. Kó tó kú lọ́dún 1906, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n fi dúkìá òun dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ bíi tirẹ̀. Lọ́dún 1931 ni wọ́n ṣí i ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, orúkọ Emma ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Òun ni ilé ìwòsàn ọpọlọ àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí Charles Bradley fi di olórí àwọn dókítà ibẹ̀.

Oògùn ẹ̀fọ́rí ló ń wá tó fi kan ohun tó sọ ọ́ di olókìkí. Láyé ìgbà náà, kí wọ́n tó lè ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn jáde, wọ́n á sì fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Orí máa ń fọ́ àwọn ọmọ náà gan-an lẹ́yìn rẹ̀. Bradley rò pé Benzedrine, tó jẹ́ ẹ̀yà amphetamine, lè mú kí omi náà tètè padà. Ẹ̀fọ́rí náà kò fi bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn olùkọ́ tó wà nílé ìwòsàn náà rí i pé àwọn ọmọ kan ṣàdédé jókòó ti ìwé wọn.

Bradley wá fún ọmọ 30, láti ọmọ ọdún 5 títí dé 14, ní oògùn náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́dún 1937 ló gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Ọmọ 14 nínú wọn ló yàtọ̀ gidigidi nídìí ẹ̀kọ́. Ìṣirò rọ̀ wọ́n lọ́rùn débi pé àwọn ọmọ náà ń pe oògùn náà ní oògùn ìṣirò. Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ó ya Bradley lẹ́nu pé oògùn tí kì í jẹ́ kí àgbàlagbà sùn ló ń mú ọmọ rọlẹ̀. Ó rí ohun mìíràn pẹ̀lú: lọ́jọ́ tí wọ́n bá dáwọ́ oògùn náà dúró, ìwà àtijọ́ á padà. Ìdí nìyẹn tó fi kìlọ̀ pé bí wọ́n bá ń lò ó bí wọ́n ṣe fẹ́, ó lè bo ohun tó ń ṣe ọmọ gan-an mọ́lẹ̀.

Fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn dókítà díẹ̀ ló ka iṣẹ́ rẹ̀ sí. Lọ́dún 1948 ó kó lọ sí Oregon, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀. Láàrin àkókò yìí, ní 1944, Leandro Panizzon ti ṣe oògùn mìíràn ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Orúkọ ìyàwó rẹ̀, Rita, ni wọ́n yọ Ritalin láti inú rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970 ni oògùn náà ti tàn ká, títí tó fi di pé ogunlọ́gọ̀ ọmọ ló ń lò ó lágbàáyé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá nìyí. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ Bradley jẹ́ ọmọ ọdún 5, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n sì lò ó. Lọ́dún 2006 ni àbájáde ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 jáde ní Amẹ́ríkà. Ọmọ 303 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ 10 kọ́ àwọn òbí wọn. Ẹ̀kọ́ yẹn nìkan tó àwọn kan, wọn ò dé ìdí oògùn rárá. Nínú àwọn tó lò ó, oògùn náà ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ṣe tó bó ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ tó dàgbà jù wọ́n lọ. Nínú ọmọ 100, bíi 11 ló dáwọ́ dúró nítorí pé wọn ò lè jẹun, wọn ò rí oorun sùn, tàbí pé inú ń bí wọn ṣáá. Láàrin bí ọdún kan, gíga àti ìwọ̀n àwọn tó ń lò ó kò lọ sókè tó bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n padà yẹ̀ wọ́n wò lọ́dún kẹfà, àìsàn náà ṣì wà lára nǹkan bí 9 nínú 10 wọn.

Nítorí náà ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ṣe sọ pé, fún ọmọ ọdún 4 àti 5, òbí ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Ẹ̀kọ́ náà kò gba owó ńlá: ẹ yin ọmọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ṣe dáadáa, ẹ rán an níṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí àkókò oúnjẹ àti oorun dúró lójú kan, kí ẹ sì dín igbe àti pàṣán kù. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa lè dà bí olóríkunkun. Bí dókítà bá ti ń fún ọmọ yín lóògùn náà, ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró. Ẹ máa mú un lọ kí wọ́n wọn gíga àti ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ṣì nílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ra irú oògùn báyìí lórí àtẹ, ẹ má sì gba èyí tí ẹnikẹ́ni kó bọ̀ láti òkè òkun fún ọmọ tí dókítà kò tíì rí. Nínú ìwádìí tí Bradley ṣe lọ́jọ́ náà gan-an, inú ilé ìwòsàn ni àwọn ọmọ náà wà, níbi tí nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ ti ń ṣọ́ wọn. Ọmọ tó ń sá kiri lábẹ́ àtẹ yín náà yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀.