Àlùfáà Samuel Johnson: Ìránṣẹ́ Àlàáfíà ní Ogun Kírìjì

Bí ọmọ Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n tàbí Òkèmẹ̀sí bá ń sọ ìtàn Ogun Kírìjì, orúkọ àwọn akíkanjú bí Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ni ó máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ìtàn náà tí kò gbé ìbọn. Ọ̀rọ̀ ni ó ń gbé kiri.

Ìlú Hastings ní Sàró ni a ti bí Samuel Johnson ní ọdún 1846. Ó ṣì kéré nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Ìbàdàn. Ó ṣe olùkọ́ níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́.

Ní ọdún 1878 ni Èkìtìparapọ̀ dìde láti já àjàgà Ìbàdàn kúrò lọ́rùn. Nígbà tí ogun náà kò tán bọ̀rọ̀, Aláàfin Adéyẹmí rán Johnson lọ sí Èkó ní ọdún 1881 pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n bá wọn pẹ̀tù sí aáwọ̀ náà. Ẹ̀bẹ̀ náà kò so èso lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún 1886 ni Gómìnà Moloney rán òun àti Àlùfáà Charles Phillips, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, sí àwọn tí ń jà. Johnson dojú kọ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, Phillips sì dojú kọ Èkìtìparapọ̀.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá fi ata sí ọ̀rọ̀ ọba kan kí ó tó dé etí ọba kejì, ẹ̀jẹ̀ ni yóò tún ṣàn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, àdéhùn fìdí múlẹ̀. Èkìtì gba òmìnira, a sì tún ka Aláàfin àti Ọwá sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Síbẹ̀, ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá, nígbà Gómìnà Carter.

Johnson parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù ní ìlú òyìnbó. Ó kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921.

Ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ìwé yìí ni ayé ń kà títí di òní. Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ni ẹni tí ó kọ ọ́ gbé, ojú ibẹ̀ ni ó sì fi wo ogun náà. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa rí láti orí òkè tiwa, àwa ni ó yẹ kí á kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu àwọn àgbà tó pa mọ́.