Kéba Mbaye àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn adájọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Àjàṣẹ́ wa níbí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀. ERSUMA ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ọmọdé ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Àwọn adájọ́, akọ̀wé ilé ẹjọ́, agbẹjọ́rò àti àwọn huissier, ìyẹn àwọn tí ń gbé ìwé ilé ẹjọ́ wá ká ẹni mọ́lé, ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà fún, láti orílẹ̀-èdè 17. Bí a bá sì ń sọ bí ó ṣe débẹ̀, orúkọ Kéba Mbaye ló yẹ kí a kọ́kọ́ dá.

Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà ni. Kaolack ni wọ́n bí i sí ní 1924, ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ òwò ẹ̀pà. Faransé ló ń ṣèjọba lórí wọn nígbà náà, bí ó ti ń ṣe lórí àwa náà. Ó kàwé dé Paris, ní ilé ẹ̀kọ́ ENFOM, níbi tí Faransé ti ń kọ́ àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ ìjọba àti ti ìdájọ́ ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, ó di olórí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì pẹ́ lórí àga náà. Láti ibẹ̀ ó lọ jókòó pẹ̀lú àwọn adájọ́ àgbáyé ní La Haye, ó sì ṣe igbákejì ààrẹ wọn. Kódà àwọn eléré ìdárayá mọ̀ ọ́n: òun ló ṣe ààrẹ ilé ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé láti 1984 títí ó fi kú.

Ọdún 1993 ni kí a dúró lé lórí. Òun ni olórí ìgbìmọ̀ òfin tó gbọ́dọ̀ kéde ẹni tó wọlé nínú ìbò ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà. Ìbò parí ní oṣù kejì, àríyànjiyàn dé, àwọn tí ń ka ìbò kò fẹnu kò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kí èsì tó jáde, Mbaye fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n pa Babacar Sèye, igbákejì olórí ìgbìmọ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ lè ní Mbaye sá. Lójú tiwa, adájọ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kó dìde lórí àga kò wọ́pọ̀ ní agbègbè wa.

Ọdún yẹn kan náà ni iṣẹ́ rẹ̀ tó kan àwa ọlọ́jà jù lọ yọrí. Ọjà ń ti Kútọnu lọ sí Lọmé, ó ń lọ sí Niamey, ṣùgbọ́n òfin òwò orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, òmíràn ti wà láti ayé òyìnbó. Ní 1992, Mbaye kó àwọn amòfin sẹ́yìn, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń bá àwọn aláṣẹ àti oníṣòwò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 1993, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn OHADA ní Port-Louis, ní erékùṣù Maurice. Ilé ẹjọ́ rẹ̀ bọ́ sí Abidjan, ọ́fíìsì àgbà sí Yaoundé, ilé ẹ̀kọ́ sí Àjàṣẹ́.

Kí ni ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ ṣe nínú àdéhùn òwò? Ẹ wo ọ̀rọ̀ gbèsè. Ìyá kan ta aṣọ láwìn, oníbàárà fọwọ́ sí ìwé, kò san. Òfin OHADA gba ìyá náà láyè láti kọ̀wé sí olórí ilé ẹjọ́, kí adájọ́ pàṣẹ pé kí ajigbèsè sanwó, láìjẹ́ pé ẹjọ́ ń fa ọdún. Huissier ni yóò mú àṣẹ náà lọ bá ajigbèsè. Ṣùgbọ́n òfin ti ka ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tó mú lọ: iye owó, èlé, ìnáwó ilé ẹjọ́, ọjọ́ tí ajigbèsè ní láti takò ó, àti ilé ẹjọ́ tí yóò lọ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìwé náà lè di asán. Ìyá aláṣọ kò ṣẹ̀, àṣìṣe ẹni tó kọ̀wé ni, owó rẹ̀ ló sì há. Nítorí irú èyí ni Mbaye àti àwọn tí wọ́n jọ kọ àdéhùn náà kò ṣe fi mọ sórí òfin nìkan. Wọ́n fi ilé ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀, kí adájọ́ Parakou àti ti Bamako lè ka òfin kan náà bákan náà.

Mbaye kú ní Dakar ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní 2007. Ọdún kejì rẹ̀, wọ́n tún àdéhùn náà ṣe ní Québec. Tẹ́lẹ̀, Faransé nìkan ni èdè iṣẹ́ OHADA. Wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì, Sípéènì àti Potogí kún un. Yorùbá kò sí níbẹ̀, Fọ̀n náà kò sí. Bí huissier bá kan ilẹ̀kùn àgbà kan ní abúlé Kétu lónìí, ọmọ aládùúgbò tó ń lọ síléèwé ni wọn yóò ṣì pè kó wá ka ìwé náà fún un.