Dókítà Tó Ti Rọ́bà Wọnú Ọkàn Ara Rẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà mi ní Ìjìgbò ní àwọn ò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́, torí ó ń wú àwọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní nítorí ọkàn ni dókítà ṣe fún àwọn, kí wá ni oògùn ń wá lẹ́sẹ̀? Mo ní oògùn tí a bá gbé mì, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ló ń dé. Wọ́n ní ṣé kò sẹ́ni tó lè júwe ọ̀nà fún un ni? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Werner Forssmann.

Berlin ní Jámánì ni wọ́n ti bí i ní 1904. Ogun Àgbáyé Kìíní pa bàbá rẹ̀. Ní 1929, ó ń ṣe dókítà nílùú Eberswalde. Láyé ìgbà yẹn, bí ọkàn èèyàn bá fẹ́ dákẹ́, àyà ni wọ́n ń gún ní abẹ́rẹ́ gígùn kí oògùn lè dé inú ọkàn, abẹ́rẹ́ náà sì lè ṣèṣe níbẹ̀. Forssmann rò ó pé iṣan apá ṣáà já sí ọkàn, kí ló dé tí oògùn ò lè gba ibẹ̀? Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì Gerda Ditzen ni kọ́kọ́rọ́ irinṣẹ́ wà. Nọ́ọ̀sì gbà kó fi òun dán an wò. Forssmann dè é mọ́ tábìlì, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì la apá ara rẹ̀! Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò fún àìsàn ìtọ̀ ló ń tì bọ inú iṣan. Ó tú nọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá X-ray, rọ́bà ṣì wà lápá rẹ̀ o. Fọ́tò fi hàn pé orí rọ́bà ti wọ apá ọ̀tún ọkàn. Lẹ́yìn náà, ó gba ọ̀nà yẹn fi oògùn sọ́kàn obìnrin kan tó ń kú lọ. Ara obìnrin náà kọ́kọ́ mókun díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú.

Wọ́n lé e níṣẹ́ ní Berlin, ló bá di dókítà ìtọ̀. Ó wọ ẹgbẹ́ Nazi ní 1932. Kò dùn mọ́ mi láti kọ ọ́, àmọ́ òótọ́ ni. Cournand àti Richards ní New York ló ka iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ síwájú níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956. Àìsàn ọkàn ló pa Forssmann ní 1979.

Lónìí, irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ ló ń gbé stent lọ síbi tí iṣan ọkàn ti fún. Stent dà bí àwọ̀n wáyà kékeré. Wọ́n ti fi oògùn pa òmíràn lára, ojú ibẹ̀ gan-an ni oògùn náà sì ti ń jáde díẹ̀díẹ̀.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá àgbà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni bóyá ó dun ọkùnrin náà. Mo ní ó ní ṣe ni inú apá ń gbóná. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbà ká jọ lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ajé, bóyá wọ́n á bá wọn pààrọ̀ oògùn náà.