Mike Muuss, Ẹni Tí Ó Kọ Ètò Ping

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹwàá, ọdún 1958 ni a bí Michael John Muuss, tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ̀ sí Mike Muuss. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ọdún méjìlélógójì péré ni ó lò láyé, síbẹ̀ ètò kékeré kan tí ó kọ láàárín òru kan wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń lò lónìí. Ping ni orúkọ ètò náà. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dákẹ́ ní ọ́fíìsì tàbí ní ilé ẹ̀kọ́, òun ni ẹni tí ó mọṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń lò láti mọ ibi tí ọ̀nà ti dí.

Yunifásítì Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ni Muuss ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ oníná mànàmáná, ó sì gboyè ní ọdún 1979. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Ballistic Research Laboratory, ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Aberdeen, ìpínlẹ̀ Maryland. Lára iṣẹ́ ibẹ̀ ni láti ṣírò bí ọta ìbọn ńlá ṣe ń rìn lófuurufú àti bí ọkọ̀ ogun ṣe lè fara da ìbọn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti pẹ́ níbẹ̀. Nítorí ìṣirò ọta ìbọn ni wọ́n ṣe ṣe ENIAC, ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láyé, Aberdeen sì ni wọ́n gbé e wá ní ọdún 1947. Muuss kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìtàn yìí. Ó kó àkọsílẹ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ náà jọ kí wọ́n má baà di ohun ìgbàgbé.

Ọdún tí ó jáde ní yunifásítì gan-an ni wọ́n ti fi iṣẹ́ àwòrán lé e lọ́wọ́. Ó kọ ètò tí ó ń fi àwòrán ọkọ̀ ogun hàn lójú ẹ̀rọ, kí àwọn onímọ̀ lè rí ohun tí òǹkà lásán kò lè fi hàn wọ́n. Iṣẹ́ yìí ni ó gbòòrò di BRL-CAD, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín fún àwọn ẹlòmíràn ní ọdún 1984. Bí a bá fi iye ọdún àti òógùn wọn iṣẹ́ Muuss, èyí ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ayé fi mọ̀ ọ́n.

Kí iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 1983, ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tí ó bí íntánẹ́ẹ̀tì, pa ìlànà àtijọ́ rẹ̀ tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo TCP/IP, ìlànà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń lò. Nínú ìlànà yìí, a kì í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lódindi. A máa ń gé e sí ìdì kéékèèké, ìdì kọ̀ọ̀kan a sì ru àdírẹ́sì ibi tí ó ń lọ. Láàárín kọ̀ǹpútà tí ó ránṣẹ́ àti èyí tí a ránṣẹ́ sí, àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn wà tí a lè fi wé oníbodè ayé àtijọ́. Bí ìdì bá dé ọ̀dọ̀ oníbodè kan, inú kernel rẹ̀ ni ó ń balẹ̀ sí. Kernel ni ọkàn ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ní àṣẹ lórí wáyà, lórí ìrántí ẹ̀rọ àti lórí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Kernel yóò wo àdírẹ́sì, yóò yẹ àkọsílẹ̀ ọ̀nà rẹ̀ wò, yóò sì ta ìdì náà látaré sí oníbodè tí ó kàn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oníbodè kò ṣe onídùúró fún ìdì kankan. Bí àṣìṣe bá wà nínú àkọsílẹ̀ ọ̀nà, bí wáyà bá já, tàbí bí ẹrù bá pọ̀ ju ohun tí kernel lè gbà mọ́ra lọ, ìdì a sọnù, ó sì lè má sí ẹni tí yóò sọ fún ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan ni onítọ̀hún yóò rí. Ṣé ilé rẹ̀ ni ìdì kò ti jáde ni, àbí ọ̀dọ̀ oníbodè kejì ni ó ti há, àbí ó dé tí èsì ni kò rí ọ̀nà padà? Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn tí ó ṣe ìlànà náà mọ̀ pé èyí lè ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1981, Jon Postel gbé ìlànà kan jáde tí à ń pè ní ICMP, èyí tí àwọn kọ̀ǹpútà yóò máa fi ròyìn ìṣòro ọ̀nà fún ara wọn. Gbohùngbohùn wà lára rẹ̀: kọ̀ǹpútà kan yóò ké sí òmíràn, èyí tí a ké sí yóò sì dá ohun tí ó gbọ́ padà gẹ́lẹ́, bí àpáta ṣe ń dá ohùn ọdẹ padà.

Ní oṣù Keje, ọdún 1983, Muuss wà ní ìpàdé kan tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ àjọ DARPA ní orílẹ̀-èdè Norway. Níbẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Dave Mills ti mẹ́nu bà á pé òun ti lo ìdì gbohùngbohùn lórí àwọn ẹ̀rọ òun tí à ń pè ní Fuzzball, láti fi wọn àkókò tí ìdì ń lò lójú ọ̀nà. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí ó dìídì kọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí ó kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Muuss fi í sọ́kàn.

Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà ilé ìwádìí Aberdeen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Muuss rántí ọ̀rọ̀ Mills. Ó jókòó, ó kọ ètò kan tí yóò máa rán ìdì gbohùngbohùn sí kọ̀ǹpútà tí a bá dárúkọ fún un, tí yóò sì máa retí èsì. Wọ́n túmọ̀ ètò náà sí èdè ẹ̀rọ, kò sí àṣìṣe kankan. Ó ní kí ó ṣiṣẹ́; kò ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ó bá ti kọ ètò rí mọ̀ pé bí ètò bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ wá àléébù sí. Muuss wá a, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. UNIX tí wọ́n ń lò, ẹ̀dà 4.2a BSD láti Yunifásítì California ní Berkeley, gbà kí ètò béèrè ẹnu ọ̀nà tí yóò máa gbà rán irú ìdì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, òfìfo ni. Kò sí ohunkóhun nínú kernel tí yóò gba ìdì ICMP lọ́wọ́ ètò lásán tí yóò sì kó èsì padà fún un. Inú bí i. Ó ṣí kernel, ó kọ apá tí ó kù, ohun gbogbo sì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa kí ilẹ̀ tó mọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú. Àṣìṣe inú ètò lásán sábà máa ń pa ètò náà nìkan. Àṣìṣe inú kernel lè dá odindi ẹ̀rọ dúró, pẹ̀lú iṣẹ́ gbogbo ẹni tí ó ń lò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pani lẹ́rìn-ín ni pé kí Muuss tó rí ìdì àkọ́kọ́ rán, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Chuck Kennedy, ti wá ẹ̀yà ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ rí, ó sì ti tún un ṣe. Ping kò wo àìsàn tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é. Muuss fúnra rẹ̀ ni ó kọ èyí sílẹ̀ nígbà tí ó ń sọ ìtàn ètò náà. Ẹlòmíràn ì bá fò ó.

Orúkọ ètò náà ti dá àríyànjiyàn díẹ̀ sílẹ̀. Mills dábàá nígbà kan pé gbólóhùn kan ni a gé kúrú tí ó fi di ping. Muuss kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ lórí àfiwé ẹ̀rọ sónà àti rédà nígbà tí ó wà ní yunifásítì, ìró tí sónà ń mú jáde nínú omi ni ó sì fi sọ ètò rẹ̀ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí ó fara wé ìró ni, bí ìgbà tí Yorùbá bá ní nǹkan já lulẹ̀ gbì. Ẹni tí ó sọ ọmọ lórúkọ ni a gbọ́dọ̀ gbà gbọ́ lórí èyí.

Bí ping ṣe rọrùn tó náà ni ó ṣe wúlò tó. Ìdì kọ̀ọ̀kan tí ó ń rán ní nọ́ńbà tirẹ̀, nítorí náà bí èkejì àti ìkẹta bá dé tí ìkẹrin kò dé, a ó mọ èyí tí ó sọnù. Ó ń ka àkókò tí ìdì lò ní àlọ àti àbọ̀. Ní èyí tí ó pọ̀ jù, kernel kọ̀ǹpútà tí a ké sí ni ó ń dáhùn fúnra rẹ̀, láìdúró de ètò mìíràn. Bí ìdáhùn bá wá nígbà tí ètò tí à ń fẹ́ bá sọ̀rọ̀ dákẹ́, a mọ̀ pé ọ̀nà là, kernel sì wà láàyè. Òkè ni kí a wá ìṣòro lọ. Bí ìdáhùn kò bá wá, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà tiwa, a ó ké sí i ná, lẹ́yìn náà oníbodè àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tí ó kàn, títí a ó fi dé ibi tí ohùn kò ti padà mọ́. Síbẹ̀, ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Olùkọ́ tí ó pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ìdáhùn kò tíì mọ̀ bóyá ọmọ náà kò gbọ́ ni, tàbí ohùn rẹ̀ ni kò dé iwájú kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ni ping kò ṣe lè sọ bóyá àlọ ni ìdì ti sọnù tàbí àbọ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà kan sì wà tí a ti pàṣẹ fún pé kí wọ́n má ṣe dáhùn rárá. Nígbà tí ó di ọdún 1987, Van Jacobson kọ traceroute, èyí tí ó ń tọ ipasẹ̀ ìdì láti ọ̀dọ̀ oníbodè kan dé òmíràn.

Àwọn ará Berkeley fi ìdùnnú gba ping àti àtúnṣe tí Muuss ṣe sí kernel, wọ́n fi wọ́n sínú UNIX wọn. Nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó tàn ká, títí ó fi dé inú Windows. Ìtàn kan wà tí Muuss fẹ́ràn láti máa sọ: ẹnì kan ń wá wáyà tí ó ń ṣe ségesège, ó so ping mọ́ ohùn, ó sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa pariwo orúkọ náà ní gbogbo ìgbà tí èsì bá dé. Ó wá ń rìn káàkiri ilé, ó ń mi ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé èyí tí ohùn náà dákẹ́ lé lórí.

Ní ọdún 1993, ẹgbẹ́ USENIX fi àmì ẹ̀yẹ dá ẹgbẹ́ oníwàádìí Berkeley àti àwọn tí ó bá wọn lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà lọ́lá. Muuss wà lára wọn. Ní ọdún 1996 sí 1997, orúkọ ping fẹ́ bàjẹ́ díẹ̀. Wọ́n rí i pé bí a bá rán ìdì gbohùngbohùn tí ó tóbi ju 65,535 báìtì tí ìlànà gbà láàyè lọ, ọ̀pọ̀ kernel a dákú nígbà tí wọ́n bá ń to ègé rẹ̀ pọ̀. Ping ikú ni wọ́n pè é. Ẹ̀bi àwọn kernel tí kò wọn ẹrù kí wọ́n tó gbé e ni, kì í ṣe ẹ̀bi Muuss, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni ó lẹ̀ mọ́.

Muuss kò fi Aberdeen sílẹ̀. Wọ́n sọ ilé ìwádìí rẹ̀ pọ̀ mọ́ Army Research Laboratory ní ọdún 1992, ó sì ń bá iṣẹ́ BRL-CAD lọ níbẹ̀. Ó jẹ́wọ́ nígbà kan pé bí òun bá ti mọ̀ pé ping ni yóò jẹ́ iṣẹ́ tí ayé yóò fi mọ òun jù, òun ì bá fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún un. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 2000, ìjàm̀bá ọkọ̀ pa á ní òpópónà I-95 ní Maryland. Ní ọdún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí BRL-CAD sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lò ó tàbí tún un kọ.