Henry Clifton Sorby, Ẹni tí ó Wo Inú Òkúta

Ọkọ̀ ń kó òkúta wẹ́wẹ́ wá sí Ìkẹjà àti Agége fún ilé kíkọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ sì ń yọ́ irin. Ta ni ó kọ́ ayé láti wo inú òkúta àti irin? Ìtàn ọkùnrin náà ni a fẹ́ sọ fún yín.

A bí Sorby ní 1826 lẹ́bàá Sheffield, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní 1847, ó fi ogún tí ó tó o jẹ sílẹ̀ fún un. Sorby kò fi ogún náà ṣe fàájì. Ìmọ̀ ni ó fi wá.

Ní nǹkan bí 1849, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ òkúta títí yóò fi fẹ́lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi là á kọjá. Ní 1828 ni William Nicol, ará Scotland, ti fi òkúta kan tí ó mọ́ gaara ṣe ohun tí ń mú kí ìmọ́lẹ̀ máa gbọ̀n sí apá kan ṣoṣo. Bí a bá dábùú méjì irú rẹ̀, òkùnkùn ni a ó rí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín wọn, irú òkúta líle ti Abẹ́òkúta, máíkà inú rẹ̀ a yọ àwọ̀ bí òṣùmàrè, kúọ́tìsì a sì rí bí eérú. Àwọ̀ wọ̀nyí ni a fi ń dá wọn mọ̀.

Àwọn kan fi Sorby rẹ́rìn-ín, pé ta ni í fi awò kékeré wo òkè ńlá? Kò bá wọn jà, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1858 ó tẹ ìwé ńlá jáde lórí ọ̀ràn náà. Ní 1862 ó pàdé Zirkel, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì, ẹni tí ó gbin ẹ̀kọ́ náà sí ilẹ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Sorby dán irin, ó fi ásíìdì pa á lójú, ó sì rí bí inú rẹ̀ ti rí. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún kí àwọn oníṣẹ́ irin tó kà á sí.

Ní 1876 a fi í ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ àwọn Onímọ̀ Mínírà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ kí Yunifásítì Sheffield tó dé ní 1905. Ó kú ní 1908.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwa tí a ó di olùkọ́, bí ọmọ kan bá béèrè ohun tí ó dàbí ẹ̀rín ní kíláàsì, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bóyá òkè ńlá ni ó ń wò.