Athanasius Mímọ́: Díákónì tó Dúró Gbọin fún Ìgbàgbọ́

Bí a bá dìde láti ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ti Nicaea, ọ̀pọ̀ wa a máa kà á wéré-wéré kí a lè jókòó. Ẹnìkan fi bí ọdún mẹ́tàdínlógún jìyà lẹ́yìn odi nítorí gbólóhùn kan nínú rẹ̀.

Ará Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì ni Athanasius. Díákónì ni, òun náà sì ni akọ̀wé Bíṣọ́ọ̀bù Alexander. (Iṣẹ́ akọ̀wé ìjọ kì í ṣe kékeré o, èmi tí mò ń kọ èyí mọ̀ ọ́n.) Ní ìlú yẹn kan náà, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Arius ń kọ́ni pé ẹ̀dá ni Jésù, bó ti wù kó ga tó. Ìjà yìí le débi pé Késárì Constantine pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Nicaea, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, ní ọdún 325. Athanasius bá ọ̀gá rẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò dá Ọmọ, pé bí Baba ti jẹ́ Ọlọ́run gan-an ni Ọmọ jẹ́. Athanasius rí i pé bí Jésù bá jẹ́ ẹ̀dá, kò sí bó ṣe lè gba ẹ̀dá ẹgbẹ́ rẹ̀ là.

Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 328, wàhálà sì dé. Wọ́n ní ó pa bíṣọ́ọ̀bù kan, Arsenius, ó sì gé ọwọ́ rẹ̀ ṣoògùn. Àṣé Arsenius ń bẹ láàyè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì pé! Síbẹ̀ wọ́n tún wá ẹ̀sùn mìíràn, Constantine tó pe ìpàdé Nicaea gan-an ló lé e lọ sí Trier, ní Jámánì òde òní. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n lé e nílùú, lábẹ́ Késárì mẹ́rin.

Ti ọdún 356 ló wọ̀ mí lára jù. Wọ́n ń ṣe ìṣọ́ òru lọ́wọ́ ni àwọn ṣójà yí ilé Ọlọ́run ká. Athanasius kò dìde lórí àga rẹ̀. Ó ní kí díákónì ka Sáàmù 136, kí ìjọ máa gbè é, kí wọ́n sì máa lọ sílé. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ti jáde tán ni wọ́n tó fa òun náà gba àárín ṣójà kọjá. Àwọn tó fi ayé sílẹ̀ fún ààwẹ̀ àti àdúrà nínú aṣálẹ̀ ló fi í pamọ́ fún bí ọdún mẹ́fà. Ibẹ̀ ló ti kọ lẹ́tà pé Ẹ̀mí Mímọ́ náà kì í ṣe ẹ̀dá.

Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, 373. Ní 381, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Constantinople, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Ẹ̀mí Mímọ́ kún Ìjẹ́wọ́ náà, bí a ti ń kà á títí di òní.